Wahab Ansah, Agbábọ́ọ̀lù Ìlú Méjì

Nígbà tí wáyà dé láti Èkó ní ọdún 1956 pé kí ẹ̀gbọ́n mi máa bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ìyá wa ń rán ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́ ni. Kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù yẹn náà ni wọ́n ń torí ẹ̀ gbé èèyàn wọ rélùwéè lọ sí Èkó?"

Bàbá wa ló fò sókè. Ó já ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì mú un jáde lọ fi han gbogbo ojúlé tó wà ní òpópónà wa ní Sabon Gari, ní Zaria. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ó ka tirẹ̀ fún un.

Sarat lorúkọ mi. Ọdún mẹ́rin ni Wahab fi jù mí lọ, àwa méjì péré la sì yè nínú ọmọ tí ìyá wa bí. Ìdíátù ni ìyá wa ń jẹ́, ọmọ Pákàtà ní Ìlọrin ni. Ọmọdé ló wà nígbà tó bá ìyá rẹ̀ wá sí Zaria. Bàbá wa, Kwamena Ansah, ará Gold Coast ni, láti ìlú Saltpond létí òkun. Fítà ni ní ṣẹ́ẹ̀dì rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Yorùbá bàbá wa kò tó nǹkan, ìyá wa ò sì gbọ́ èdè Fante rárá. Hausa ni wọ́n fi fẹ́ra wọn, Hausa náà ni wọ́n fi ń jà.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá tọrọ ìyá wa, àwọn ẹbí kọ̀ jálẹ̀. Ni bàbá wa bá lọ bá Àlùfáà, ó kírun, ó gba orúkọ Yàkúbù. Ìgbéyàwó ò tíì pé oṣù mẹ́fà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá wa ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe di pé ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ méjì nìyẹn. Wahab ni ìyá wa sọ ọ́, Albert ni bàbá wa sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì.

Pápá rélùwéè ni Wahab ti mọ bọ́ọ̀lù gbá, láìwọ bàtà, bí gbogbo ọmọ ìgbà náà ṣe ń gbá a. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá wa fi igi lù ú lọ́wọ́ títí ó fi ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráyè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ wí. Bó bá ti gba bọ́ọ̀lù lápá òsì pápá, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn tó jókòó á dìde. Kì í sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń sáré bí ẹni tó rántí nǹkan kan nílé.

Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì kan wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, Babárìndé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́. Òun ló ń ṣètò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ó mú Wahab sínú ẹgbẹ́ lọ́dún tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì bá a wá iṣẹ́ ọmọṣẹ́ fítà lábẹ́ bàbá wa. Láàárín ọdún mẹ́ta, kò sí ìlú tí rélùwéè dé ní Òkè Ọya tí wọn kò ti mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n lu àwọn Kano ní góòlù mẹ́rin sí òdo, tí Wahab nìkan gbá mẹ́ta wọlé, àwọn ará Kano ló gbé e lé èjìká.

Nítorí náà, nígbà tó ń lọ sí Èkó, gbogbo Sabon Gari ló sìn ín dé ibùdókọ̀. Bàbá wa ra bàtà tuntun fún un, kì í ṣe bàtà bọ́ọ̀lù, bàtà awọ tí ó máa wọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní kó lò kí wọ́n tó yan àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kẹsàn-án ló padà dé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kí ìyá wa. Ìyá wa wojú rẹ̀. Ó gbé omi kaná fún un kó fi wẹ̀.

Ìgbà tí bàbá wa ti ibi iṣẹ́ dé ló tó sọ ọ́. Ó ní òun ń ṣe dáadáa níbẹ̀, pé wọ́n ti ń fi òun sí apá òsì pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀gá kan wá, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń ka orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Nígbà tó kan òun, ó gbójú sókè.

Ó ní, "Ansah? Níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ Ansah?"

Wahab ní, "Zaria ni, sà."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí wọ́n bí ọ sí. Mo ní níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ Ansah?"

"Gold Coast ni bàbá mi ti wá, sà."

Ọ̀gá náà fi bírò sílẹ̀. Gold Coast gan-an ni wọ́n fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní ṣé ọmọ Gold Coast làwọn yóò gbé síwájú láti bá Gold Coast jà? Bí ó bá gbá góòlù nù ńkọ́, ta ni yóò sọ fáwọn èèyàn pé kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Wahab ní ọkùnrin náà ò bínú, kò tilẹ̀ pariwo. Ó kan fa ìlà sí orúkọ òun, ó sì ka ti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Bàbá wa ò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú epo ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ ní Hausa pé, "Orúkọ mi ló kó bá ọ."

Wahab ní, "Pàpá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí o bá ń jẹ́ orúkọ ilé ìyá rẹ ni, ò bá ti wà níbẹ̀."

Ìyá wa ló dá wọn lóhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kí ọmọ má jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Wahab ò dé pápá. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jókòó. Babárìndé wá lẹ́ẹ̀mejì, kò bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìgbà kẹta ló sọ fún un pé, "Wahab, mi ò lè yí ọkàn àwọn ará Èkó padà. Ṣùgbọ́n àwọn Kaduna ń bọ̀ ní Sátidé, mi ò sì lẹ́nì kankan lápá òsì." Wahab dìde, ó tẹ̀ lé e. Góòlù méjì ló gbá wọlé ní Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Gold Coast gba òmìnira, ó di Gánà. Ọdún yẹn náà ni iṣẹ́ bàbá wa pé tí wọ́n ní kó lọ sinmi. Kò sùn mọ́. Ó ní ilé ti di ilé, pé kí gbogbo wa dìde ká máa lọ sí Saltpond. Òun àti ìyá wa sọ̀rọ̀ náà fún bí oṣù kan. Ìyá ìyá wa ṣì wà láàyè nígbà náà ní àdúgbò Tudun Wada ní Zaria, kò lè dá dìde lórí ẹní. Ìyá wa ní kí wọ́n sọ ẹni tí òun máa fi ìyá òun lé lọ́wọ́. Níkẹyìn bàbá wa ní, "Èmi ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ní ìlú tìẹ, Ìdíátù."

Ìyá wa ní, "Mo mọ̀. Mi ò sì sọ pé kí o má lọ."

Wọn ò kọra wọn. Mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe ohun tí wọ́n ṣe. Ó ń lọ, kò sì bá a lọ, inú àwọn méjèèjì ò sì dùn.

Wahab náà fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù àtisọ ọ́. Ìyá wa ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Torí bàbá rẹ ni wọ́n ṣe lé ọ ní Èkó. Lọ wò ó bóyá wọ́n á torí bàbá rẹ gbà ọ́ níbẹ̀." Ó rán ẹ̀wù méjì fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, kò sunkún. Ìgbà tó wọ yàrá tó rí i pé bàbá wa gbàgbé fìlà rẹ̀ lórí ìṣó ló tó jókòó sílẹ̀.

Ní Gánà, iṣẹ́ bọ́ọ̀lù wá di iṣẹ́ ní tòótọ́. Oníṣòwò kòkó kan ní Kumasi ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Ó rí Wahab níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù etí òkun pẹ̀lú àwọn ọmọ Saltpond, ó sì gbà á síṣẹ́. Kò ní ṣe fítà mọ́, kò ní ṣe nǹkan mìíràn. Kó kàn máa gbá bọ́ọ̀lù, kó sì máa gba owó oṣù. Nígbà tí Wahab kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, tí mo kà á fún ìyá wa, ó ní kí n tún un kà, bóyá mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Wọ́n ní kó máa wọ bùútù. Ó kọ̀wé pé ẹsẹ̀ òun lé ròrò, pé kéèyàn fi bùútù gbá bọ́ọ̀lù dà bí ìgbà téèyàn wọ ìbọ̀wọ́ jẹ tùwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó kọ̀wé pé ó ti mọ́ òun lára. Ó tún kọ ọ́ pé bí òun bá gba bọ́ọ̀lù, àwọn èrò á máa pariwo pé, "Alata! Alata!" Bí wọ́n ṣe ń pe àwa ará Nàìjíríà níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní wọn ò sọ ọ́ láti bú òun, wọ́n fẹ́ràn òun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe àwọn tó kù ní orúkọ ìlú ìyá wọn.

Ọdún 1961 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ìrìn àjò sí Òkè Ọya. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní Kaduna, wọ́n gbá a ní Kano, wọ́n sì wá sí Zaria. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mò ń gbé ní Tudun Wada. Mo lọ mú ìyá wa nílé. Láyé rẹ̀ kò dé pápá bọ́ọ̀lù rí. Ó wọ aṣọ ọdún, ó sì gbé àpótí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé òun ò ní dúró bí òpó láàárín ọkùnrin.

Èrò kún bámúbámú, láti Sabon Gari, Tudun Wada, títí dé inú ìlú. Nígbà tí wọ́n jáde, mo fi Wahab hàn án. Aṣọ pupa ló wọ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Ìyá wa ní, "Èwo ni tiwa?"

Mo ní, "Àwọn aláṣọ funfun ni Zaria. Àwọn aláṣọ pupa ni Wahab ń gbá fún."

"Ta wá ni ká máa pàtẹ́wọ́ fún?"

"Ìyá, ẹni tó bá wù yín ni."

Ni ó bá ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba bọ́ọ̀lù, ìyá wa á pàtẹ́wọ́ fún un, títí kan réfáárì nígbà tí bọ́ọ̀lù bà á lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wahab gba bọ́ọ̀lù kọjá ẹni méjì, ọkùnrin kan lẹ́yìn wa lọgun ní Hausa pé, "Ɗan Gana, koma gida!" pé kí ọmọ Gánà máa lọ sílé rẹ̀.

Ìyá wa dìde lórí àpótí. Ó dá a lóhùn ní Hausa tó já gaara, ó ní, "Ilé rẹ̀ rèé. Mo bí i sí ẹ̀yìn ọjà yẹn, lọ́jọ́ òjò. Ìwọ ńkọ́, ìlú wo ni wọ́n ti bí ọ?"

Bauchi ni wọ́n ti bí ọkùnrin náà, gbogbo àwọn tó bá a wá ló sì mọ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Haba Mama, yi haƙuri," pé kí ìyá má bínú, ó sì bọ́ síwájú kó lè bá a dí oòrùn. Láti ìgbà yẹn, bí Wahab bá ti gba bọ́ọ̀lù, ọkùnrin yẹn ló ń kọ́kọ́ pariwo.

Góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n fi lu Zaria. Wahab gbá ọ̀kan. Babárìndé tó ń darí àwọn Zaria wá bá a nígbà tí fèrè dún, ó dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo kọ́ ọ lo fi pa mí yìí."

Wahab wá jẹun nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá wa bi í léèrè gbogbo nǹkan: ibi tó ń sùn, ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀, ìdí tí kò fi tíì láya. Wahab jẹun tán kí ìyá wa tó béèrè pé, "Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹun?"

Wahab ní, "Ó ń jẹun. Ó ní ẹja ti sú òun, pé tùwó ń wu òun."

Nígbà tí wọ́n máa lọ lọ́jọ́ kejì, ìyá wa di ìyẹ̀fun dáwà tí wọ́n fi ń ro tùwó àti irú sínú àpò kan, ó sì rán ẹnu rẹ̀ pa pẹ̀lú ẹ̀rọ kó má baà tú.

Lọ́dún 1963, Gánà pè é kó wá gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ aṣọ wọn. Bàbá wa gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá wa, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ọmọ wa." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá wa kú ní Saltpond. Ìyá wa tí kò rí i láti ọdún méje ṣe opó rẹ̀ pé, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò sì gba kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn.

Bí iṣẹ́ Wahab ṣe dópin kò gùn láti sọ. Òjò rọ̀, pápá ń yọ̀, ẹnì kan já lu orúnkún òsì rẹ̀. Ó wà ní ọsibítù fún oṣù méjì. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti padà. Ní ọdún 1965 ó kọ̀wé pé òun ti fi sílẹ̀. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Ọ̀gá rẹ̀ oníkòkó ṣèèyàn, ó ní kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà.

Kó tó dìgbà yẹn ló ti fẹ́ Mọ̀dínátù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Mọ̀dínátù, ó ń ta aṣọ ní Kumasi, Kumasi ló sì bí i sí, Kumasi ló kú sí. Mọ̀dínátù ò fojú kan Nàìjíríà rí.

Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, níbi tá a ti ń ṣa ìrẹsì. Ó ní Wahab kó àwọn ìwé, àwọn jọ lọ sí ọ́fíìsì. Èrò tò títí dé ojú ọ̀nà. Nígbà tó kàn wọ́n, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ mọ Wahab, ó dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun wà ní pápá lọ́jọ́ tó gbá góòlù kan báyìí. Lẹ́yìn náà ló yẹ ìwé wò. Ó ní, "Ìwọ ò ní wàhálà, ọmọ Gánà ni bàbá rẹ. Àwọn ọmọ rẹ náà ò ní wàhálà. Obìnrin yìí nìkan ni."

Wahab ní, "Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Èmi ni wọ́n bí sí Nàìjíríà."

Akọ̀wé náà ní, "Mo rí i. Ohun tí wọ́n kọ fún mi kọ́ nìyẹn."

Ọ̀gá oníkòkó náà bá wọn dá sí i. Ó ní kí Mọ̀dínátù lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ná, pé nígbà tí ara ìlú bá rọ̀, òun á bá wọn ṣe ìwé tí yóò fi padà. Nígbà tí wọ́n délé, Mọ̀dínátù ní kí Wahab gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Dúró, iṣẹ́ rẹ wà níbí. Èmi á máa kó àwọn ọmọ lọ."

"Lọ síbo? Ta lo mọ̀ ní Nàìjíríà?"

"Mo mọ orúkọ agbolé bàbá mi."

Wahab wọ inú yàrá lọ, Mọ̀dínátù sì rò pé ó lọ dùbúlẹ̀ ni. Ìgbà tó máa wọlé bá a, ó ti fa àpótí méjì jáde, ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ. Ó ní, "Ìyá mi wà ní Zaria."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, nínú lọ́rì, gba Togo, gba Dahomey. Ogun ṣì ń jà ní apá Ìlà-Oòrùn, àwọn sójà sì ń tú ẹrù èèyàn káàkiri. Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé, ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Wahab ń tiro díẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, Wahab gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sí èjìká, eruku pupa sì bò wọ́n bí ẹni tó ti inú ilẹ̀ jáde.

Ìyá wa bá àwọn ọmọ sọ Hausa, wọ́n fi èdè Kumasi dá a lóhùn. Wọ́n wo ara wọn. Nígbà náà ni Mọ̀dínátù kúnlẹ̀, ó kí i ní Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó dán mọ́rán, tó jinlẹ̀ ju èyí tí èmi àti Wahab lè sọ lọ. Ìyá wa la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Sarat, ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ Kumasi o!" Ó fà á dìde, Mọ̀dínátù sì di ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀, èmi á máa béèrè ìtumọ̀.

Babárìndé ti di ọ̀gá akọ̀wé nígbà náà. Kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tó fi pe ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rélùwéè jọ, ó ní kí wọ́n fi Wahab ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ wọn. Ó ní kí Wahab wá jókòó síbẹ̀, èmi náà bá a lọ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan gbà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fáníyì dìde. Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni, ó sì ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Ó ní, "Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, kò níṣẹ́. Wọ́n lé àwọn èèyàn wa bí ẹran, ẹni tó wọ aṣọ Gánà la tún fẹ́ fún níṣẹ́? Ẹ ní wọ́n lé òun náà. Ṣé wọ́n lé e?"

Gbogbo wọn wo Wahab. Babárìndé fẹ́ sọ̀rọ̀, Wahab gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n dúró. Ìyàwó mi ni wọ́n lé."

Fáníyì ní, "Ìwọ wá ńkọ́?"

"Mo bá a wá."

Fáníyì jókòó, ó bojú wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó gbà nawọ́ sókè, ẹni mẹ́fà nawọ́ nínú mẹ́sàn-án. Fáníyì ò nawọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ń jáde, ó dúró de Wahab lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í bóyá ó mọ àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n òun gbé ní Kumasi. Wahab mọ̀ ọ́n. Wọ́n jọ rìn dé orítà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Wọ́n fún Wahab níṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ó wà ní pápá. Ìdíje àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ gbá, Kaduna lù wọ́n ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Mo wà níbẹ̀. Mo rò pé ojú á tì í. Ó kó wọn jọ sábẹ́ igi dongoyaro, àwọn ọmọ náà dorí kodò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Hausa, ohun tí kálukú rí nígbà tí góòlù kejì wọlé. Ó ń fetí sílẹ̀. Ó ń fi igi ya ìlà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ wá fún un nínú abọ́ onídèérí, ó jókòó tì mí, oúnjẹ ń tutù.

Mọ̀dínátù ní, "Ẹ wò ó. Kò ní rántí pé a wà níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Mo ní kí n lọ pè é. Ó ní kí n fi í sílẹ̀.